Láti Ìkẹjà Dé Lọ́ńdọ̀nù: Wákàtí Mélòó Ni Ìyá Yóò Fi Jókòó?

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Ìlá Ọ̀ràngún. Ọkùnrin tí ó kọ ọ́ sọ pé ìyá òun, ẹni ọdún 71, ń múra láti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó fẹ́ bímọ níbẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó béèrè. Ó ní báwo ni pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ṣe jìnnà sí ti Lọ́ńdọ̀nù tó? Wákàtí mélòó ni ọkọ̀ fi ń fò ó? Ṣé ara àgbàlagbà tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè gbà á? Inú mi dùn sí lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n ó tún mú mi rántí ohun tí ó dùn mí, nítorí ẹnìkan ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí rí, ààbọ̀ ìdáhùn ni mo sì fún un.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọ̀nà jíjìn. Láti pápákọ̀ Murtala Muhammed tí ó wà ní Ìkẹjà dé pápákọ̀ Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọ̀nà tààrà lójú ọ̀run, tó 5,000 kìlómítà, èyí tí í ṣe nǹkan bí 3,100 máìlì. Bí ọkọ̀ òfurufú ńlá bá ti gòkè tán, a máa sáré tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹni tí ó mọ ìṣirò yóò wí pé wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í sáré bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀. Yóò kọ́kọ́ rọra yí lórí ọ̀dà, yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀, yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Bí ọkọ̀ bá pọ̀ lókè Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ náà, wọn a ní kí ó máa yí po lójú ọ̀run títí àyè yóò fi ṣí. Nítorí náà ni ó fi ń tó wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. Ó lè dín díẹ̀, ó sì lè lé díẹ̀.

Ẹ má ṣe fi agogo tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì ka wákàtí wọ̀nyí, nítorí agogo ìlú tí ọkọ̀ ń bà sí ni wọ́n ń kọ. Láti ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Mẹ́ta títí dé ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, agogo Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa dọ́gba. Ní àwọn oṣù yòókù, tiwọn fi wákàtí kan dín sí tiwa, nígbà náà ni ẹ ó máa gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé, "Wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ni a lò." Wọn kò purọ́, agogo ni ó tàn wọ́n. Ti Amẹ́ríkà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Ìkẹjà sí Niu Yọ́ọ̀kì tó 8,400 kìlómítà, nǹkan bí wákàtí mọ́kànlá sì ni. Ẹni tí ó bá kúrò ní Èkó ní agogo mọ́kànlá òru lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn yóò bà síbẹ̀ ní agogo márùn-ún ìdájí. Yóò rò pé wákàtí mẹ́fà ni òun fi jókòó, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé mọ́kànlá ni.

Àwọn àgbà tí ó lọ kàwé ní Ìlú Ọba ní nǹkan bí ọdún 1955 kì bá tilẹ̀ pe wákàtí mẹ́fà ní ìrìn àjò. Ọkọ̀ ojú omi tí à ń pè ní Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, a máa lò tó ọ̀sẹ̀ méjì láàárín Èkó àti Liverpool. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì náà, àwọn èrò ń rìn kiri, wọ́n ń jó, wọ́n ń na ẹsẹ̀ wọn. Ọkọ̀ òfurufú dín ọjọ́ kù fún wa, ó sì fi ìjókòó rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tí ó bi mí léèrè nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni ọdún 68, tí òun náà ń gbé ní Ìlá. Òun náà fẹ́ lọ tọ́jú ọlọ́mọ tuntun. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kò ní pẹ́ jù?" Mo dáhùn pé, "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ péré ni. Bí ẹni sùn tí ó jí ni." Èmi tí mo ń gba àwọn ẹlòmíràn nímọ̀ràn ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ohun tí n kò kà ni ọ̀nà Ìlá sí Èkó. Ẹ gba Ìkìrun, ẹ gba Òṣogbo, ẹ gba Ìbàdàn, kò jìnnà sí 300 kìlómítà. Agogo márùn-ún ìdájí ni Màmá wọ bọ́ọ̀sì, ó jókòó sáàárín èèyàn méjì, ó sì kó àpò ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá wọn dúró lọ́nà Ìbàdàn sí Èkó, wákàtí méje kọjá kí wọ́n tó dé Ìkẹjà. Wọ́n ti ní kí ó dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Ó tún jókòó níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá a gba àga onítáyà, kí ó má baà rìn. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, ẹni tí eékún ń dùn sì nílò rẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n eékún Màmá le koko. Ẹ wá fi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ òkè ọ̀run kún un, àti ọkọ̀ tí ó gbé e láti Heathrow dé ilé ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún wákàtí, n kò sì rí wákàtí kan gbáko nínú rẹ̀ tí ó fi dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Àlọ rẹ̀ kò mú wàhálà wá. Ìgbà tí ó ń bọ̀ ni. Ó bà sí Ìkẹjà ní ìdájí, ó ní àárò ilé ń sọ òun, ó sì wọ ọkọ̀ Ìlá lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò wú rárá. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ gbóná, ó ń ro ó.

Ẹ mọ ohun tí aládùúgbò yóò sọ. Wọ́n ní ó ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, pé àwọn tí inú wọn kò dùn sí Ìlú Ọba tí ó lọ ni wọ́n fi nǹkan dè é lọ́nà. Ẹnìkan gbé àdí wá, ẹnìkan ń gbé omi gbígbóná kaná, wọ́n fẹ́ bá a wọ́ ẹsẹ̀ náà dáadáa. Ìgbà náà ni àbúrò mi fi fóònù pè mí, mo sì pariwo débi pé gbogbo ilé gbọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kíá. Ní ọsibítù, dókítà fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aláboyún wo ẹsẹ̀ náà, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì nínú iṣan itan rẹ̀. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i, wọ́n sì fún un ní oògùn tí ó lò fún oṣù mẹ́ta. Ó wà láàyè títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó ń dá a padà sókè. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Nígbàkigbà tí a bá gbé ẹsẹ̀, ẹran náà a fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì gòkè. Àwọn ìdérí kéékèèké tí ó wà nínú iṣan a tì lẹ́yìn rẹ̀ kí ó má baà padà. Bí a bá jókòó gangan, tí eékún ká, tí etí àga ń tẹ abẹ́ itan, ẹran náà kò ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ a máa falẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta epo pupa mọ bí epo ṣe ń rí nínú ìgò nígbà ọyẹ́: ìgò tí a gbé sílẹ̀ láìmì ni ó ń dì. Òtútù ni ó ń dí epo o, ti ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe òtútù, àìmìra ni. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sí ẹsẹ̀ kò burú tó ìgbà tí ẹyọ kan bá já kúrò níbẹ̀, tí ó gba inú ọkàn kọjá, tí ó lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí lè kú kí á tó rí ọkọ̀ gbé e. Ìdí nìyí tí mo fi pariwo nípa wíwọ́ ẹsẹ̀, nítorí ọwọ́ tí ń wọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè já a kúrò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òkè ọ̀run ni ó ń fa àrùn yìí. Ní 1940, nígbà tí àwọn Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ará ìlú a máa sun orí àga aláṣọ nínú ihò ààbò láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Dókítà Keith Simpson kọ̀wé lọ́dún náà pé àwọn kan nínú wọn ń kú lójijì nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sí ẹsẹ̀ wọn, tí ó sì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà, kì í ṣe òkè. Ní 1954, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, John Homans, kọ nípa irú rẹ̀ lára àwọn tí ó jókòó pẹ́, àwọn èrò ọkọ̀ òfurufú sì wà nínú wọn. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwádìí tiwọn jáde ní 2007, wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá fi wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jókòó nínú ọkọ̀, ewu ẹ̀jẹ̀ dídì rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú o, ọkọ̀ ilẹ̀ o, bọ́ọ̀sì o, ọkọ̀ ojú irin o, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Wákàtí mẹ́rin! Ẹ̀yin ará Ìlá, ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ sí Èkó ti ré kọjá wákàtí mẹ́rin kí ó tó fojú kan ọkọ̀ òfurufú rárá.

N kò fẹ́ dẹ́rù bà yín jù. Ìwádìí kan náà sọ pé nínú ẹgbàáta ènìyàn, èyíinì 6,000, tí wọ́n bá fò ju wákàtí mẹ́rin lọ, nǹkan bí ẹnìkan ni ó ń bá. Ṣùgbọ́n ó yá sí àwọn kan ju àwọn mìíràn lọ. Àwọn ni ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ga, ẹni tí ó sanra púpọ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ, aláboyún àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, obìnrin tí ó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, pàápàá jù lọ ẹni tí ó ti bá rí. Bí ẹ bá wà nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ rí dókítà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó lè ní kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí ń fún ẹsẹ̀, ó sì lè fún yín ní abẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe ra ìbọ̀sẹ̀ náà fúnra yín láìwọn ẹsẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, bí àwọn mìíràn nínú àwọn alátọ̀gbẹ, lè fi í pa ẹsẹ̀ rẹ̀ lára. Àwọn kan sì ń ra ásípírìn lọ́wọ́ oníkẹ́mísì nítorí ìrìn àjò. Ásípírìn kì í ṣe oògùn èyí, ó sì lè mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀.

Ní ti ìyá ẹni tí ó kọ̀wé sí mi, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí wọ́n lọ sí Èkó lọ́jọ́ tí ó ṣáájú, kí wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú. Kí ọkọ̀ dúró lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì, ní Òṣogbo àti ní Ìbàdàn, kí Màmá sọ̀kalẹ̀ rìn. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a lè gba Ìlọrin. Láti Ìlá, ẹ ó gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, ibẹ̀ kò jìnnà bí ti Èkó. Láti pápákọ̀ Ìlọrin dé Ìkẹjà jẹ́ nǹkan bí 245 kìlómítà lójú ọ̀run, ọkọ̀ kì í sì lò tó wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ Ìlọrin ń bà sí ní Ìkẹjà kì í ṣe inú ilé kan náà tí àwọn tí ń lọ sí òkè òkun ti ń wọkọ̀, ẹ ó tún wọ ọkọ̀ ilẹ̀ dé ibẹ̀. Bí ọkọ̀ Ìlọrin bá sì pẹ́, ti Lọ́ńdọ̀nù kò ní dúró dè yín. Nítorí náà, bí ẹ tilẹ̀ gba Ìlọrin, ẹ ṣì fi ọjọ́ kan sílẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ẹ má ṣe gba ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún Màmá. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ fẹ́ kí ìyá wọn rí ìkùukùu. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kí ó jókòó, kí ó lè dìde láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ó rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀ kí ó sì padà, ní wákàtí wákàtí, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ní kí èrò so bẹ́líìtì mọ́ra. Bí ó bá jókòó, kí ó fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀ kí ó gbé ọmọ ìka sókè, lẹ́yìn náà kí ó fi ọmọ ìka tẹlẹ̀ kí ó gbé gìgísẹ̀, bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, nígbà ogún, kí ó sinmi, kí ó tún ṣe é. Kí wọ́n gbé àpò sí òkè orí, kí wọ́n má ṣe kó o dí ẹsẹ̀ lọ́nà. Kí ó má lo oògùn oorun.

Kí ó sì máa mu omi. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ gbẹ ju ti ọyẹ́ wa lọ nígbà mìíràn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò mu ju ife omi kan lọ láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí mo sì bi í léèrè, ó ní ojú ń ti òun, pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ náà, òun kò sì fẹ́ kí àwọn òyìnbó máa wo òun. Ó ya mí lẹ́nu, nítorí kò sí ìwé ìmọ̀ràn kan tí mo tí ì kà tí ó sọ ti ilẹ̀kùn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àárín ilẹ̀kùn náà ni ẹ ó fi ọwọ́ tì, yóò sì ká sí méjì wọ inú. Bí ẹ bá há a láti inú tán, iná a tàn. Ẹ kọ́ Màmá kí ó tó kúrò nílé.

Nísinsìnyí, ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí oògùn bá ti kápá tirẹ̀ lè fò. Ẹni tí tirẹ̀ ṣì ń ga, tí orí ń fọ́, tí àyà ń já, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Oògùn gbọ́dọ̀ wà nínú àpò tí ó gbé lọ́wọ́, kì í ṣe nínú ẹrù ńlá tí ó lè ṣọnù, kí ìwé dókítà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan a máa fo oògùn tí ń múni tọ̀ lọ́jọ́ ìrìn àjò. Ẹ má dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bí ẹ ó ṣe lò ó lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ń gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ kò ní wàhálà púpọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nítorí agogo kò yí ju wákàtí kan lọ. Ti Amẹ́ríkà, tí agogo fi wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀, dókítà ni yóò ṣètò rẹ̀.

Ohun kan wà tí ó jẹ́ ti òkè ọ̀run gan-an. Ọkọ̀ a máa fò ní nǹkan bí 11,000 mítà sókè, níbi tí ènìyàn kò lè mí. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fún un tó ti ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ a máa rí bí ti orí òkè tí ó ga tó 2,400 mítà. Òkè Chappal Waddi, tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà, jẹ́ 2,419 mítà. Bí ẹni jókòó sí góńgó rẹ̀ ni. Ara tí ó le kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò dára, àti ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, lè mọ̀ ọ́n lára púpọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí dókítà ṣáájú. Etí tí ń dí nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ kì í ṣe àrùn. Ẹ gbé itọ́ mì, ẹ yán, kí ìyá ọmọ sì fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu. Aláboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá ọ̀sẹ̀ 28, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú a béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 36, wọn kò ní gbé e, bí ó bá sì jẹ́ ìbejì, kò tó bẹ́ẹ̀.

Bí ìyá bá dé, ẹsẹ̀ méjèèjì lè wú díẹ̀, kí bàtà fún un. Èyí a máa lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí ó wú, tí ó ń ro, tí ó gbóná, ọsibítù ni. Bí èémí bá ń ké e lójijì, tí àyà ń dùn ún bí ó bá mí, tí ó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ìrìn àjò, nítorí ewu náà kì í tán lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bà. Ó lè wà lára títí dé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tún fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀. Dókítà rẹ̀ ti fọwọ́ sí i, abẹ́rẹ́ kan wà tí yóò gbà ṣáájú, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì ti wà nílé. Ní ti àbọ̀, yàrá kan wà ní ilé wa ní Ìkẹjà tí mo ti tẹ́ ibùsùn sí, ọjọ́ méjì ni yóò sì lò níbẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ Ìlá, àárò ilé ì báà sọ ọ́.